Ìṣàkóso Ojú-Òpó Ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ ní Ẹkùn Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìjọba ní Amẹ́ríkà: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Poway

1. Ìfáàrà

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀ ni ó ń darí ilé-ìwé àwọn ọmọdé, kì í sì í ṣe ìjọba ìpínlẹ̀ nìkan. Iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ àwọn ẹkùn tí òfin ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀, tí iye wọn ju 13,000 lọ. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹkùn wọ̀nyí, àwọn ará àdúgbò ni ó ń dìbò yan ìgbìmọ̀ alákòóso. Ìgbìmọ̀ yìí ni ó ń gba ọ̀gá àgbà síṣẹ́, tí ó ń fọwọ́ sí ètò ìnáwó, tí ó sì ń gbé ìlànà kalẹ̀. Nítorí èyí, bí òbí kan bá ní ẹ̀dùn-ọkàn nípa ilé-ìwé ọmọ rẹ̀, ẹni tí yóò bá sọ ọ́ kò jìnnà sí i. Aládùúgbò rẹ̀ tí ó dìbò fún ni.

Láti ìgbà tí Facebook ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 2006, tí Twitter sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan náà, díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ẹkùn ilé-ẹ̀kọ́ kó ìkéde wọn lọ síbẹ̀. Ìwé tí a máa ń fi rán ọmọ sílé, tí ó sì máa ń ká mọ́ ìsàlẹ̀ àpò rẹ̀, kò tún ní iṣẹ́ púpọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ìkéde ti yára tó, bẹ́ẹ̀ náà ni wàhálà rẹ̀ yára. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni èyí: nígbà tí ẹkùn ilé-ẹ̀kọ́ bá sọ̀rọ̀ lójú-òpó, ohùn ta ni ó ń dún, ta ni ó sì ní ẹ̀tọ́ láti dá a lóhùn? Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú ìjà tí ó ń wáyé níbẹ̀ kò ti ara ohun tí a sọ wá. Ara àìmọ̀ ẹni tí ó ni ojú-òpó náà ni ó ti ń wá.

2. Ìtumọ̀ Àwọn Ọ̀rọ̀ Kan

Ó yẹ kí ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ mélòó kan yé ni kí àlàyé tó jìnnà. “Ojú-òpó ìbánidọ́rẹ̀ẹ́” dúró fún àwọn àyè orí íntánẹ́ẹ̀tì bí Facebook, Instagram, YouTube àti Twitter, tí orúkọ rẹ̀ di X ní ọdún 2023. Níbẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ti lè gbé ọ̀rọ̀, àwòrán tàbí fídíò síta, tí ẹlòmíràn sì lè fèsì sí i lójú gbogbo ènìyàn. Èsì yìí ni ó ya ojú-òpó sọ́tọ̀ sí rédíò àti ìwé-ìròyìn. Akéde tí ó ń lu agogo káàkiri ìlú a máa kéde tán, a sì kọjá lọ. Ẹni tí ó bá ní ohun tí yóò sọ, ààfin ni yóò gbà lọ. Lójú-òpó, ibi tí akéde dúró sí gan-an ni ìlú ti ń dá a lóhùn, ìdáhùn náà a sì dúró síbẹ̀ de ẹni tí kò tíì dé.

“Pípa ọ̀rọ̀ rẹ́” ni kí ẹni tí ó ni ojú-òpó yọ èsì kan ṣoṣo kúrò. “Dídí ẹni lọ́nà” ni kí ó ti ẹni tí ó fèsì náà síta pátápátá, kí olúwarẹ̀ má lè sọ ohunkóhun níbẹ̀ mọ́. Àwọn méjèèjì jọra lójú ẹni tí inú ń bí, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà níwájú òfin, gẹ́gẹ́ bí yóò ti hàn nísàlẹ̀.

3. Iṣẹ́ Tí Ojú-Òpó Ń Ṣe fún Ẹkùn

Iṣẹ́ mẹ́rin pàtàkì ni ojú-òpó ń ṣe. Èkíní ni ìkéde kíákíá. Nígbà tí yìnyín bá bo ọ̀nà ní Chicago tàbí ní ẹ̀bá Washington, tàbí tí omíyalé bá dé sí Houston, òbí gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ bóyá ilé-ìwé yóò ṣí. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní àwọn ìlú wọ̀nyí pọ̀, àwọn náà sì wà lára àwọn tí ń wo ojú-òpó ẹkùn ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí wọ́n tó jí ọmọ.

Èkejì ni ìjíyìn. Owó orí ará ìlú ni ẹkùn ń ná. Nítorí náà ó tọ́ kí ó sọ ọjọ́ ìpàdé, ohun tí a fẹnu kò lé lórí, àti bí owó ti ń lọ. Ṣùgbọ́n ìjíyìn ní ààlà. Ní California, láti ìdájọ́ Stanson v. Mott ti ọdún 1976, a kò gbà kí a fi owó ìjọba polongo ìbò. Bí ẹkùn bá fẹ́ kí àwọn olùdìbò fọwọ́ sí owó tí yóò yá láti kọ́ ilé-ìwé tuntun, ó lè ṣàlàyé iye owó náà àti ohun tí yóò fi ṣe. Kò gbọdọ̀ sọ fún wọn pé kí wọ́n dìbò bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀kẹta ni ìyìn. Ọmọ tí ó gba ẹ̀bùn, olùkọ́ tí ó ń fẹ̀yìntì, ẹgbẹ́ eléré tí ó borí: àwọn nǹkan wọ̀nyí ni àwọn ènìyàn ń fẹ́ láti rí. Ẹ̀kẹrin ni pípa àhesọ lẹ́nu mọ́, èyí tí ó nira jù lọ. Bí ó ti wù kí ó rí, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ àfi ọjọ́ tí ilé ń jó kò lè retí pé kí a gba òun gbọ́ ní ọjọ́ náà. Ìkéde kéékèèké ojoojúmọ́ ni ó ń kọ́ àwọn òbí láti mọ ohùn ẹkùn yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn.

4. Ọ̀rọ̀ Poway

Poway Unified School District wà ní àgbègbè San Diego ní ìpínlẹ̀ California, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì ju 30,000 lọ. Ní ọdún 2014, Michelle O’Connor-Ratcliff àti T.J. Zane díje fún ipò nínú ìgbìmọ̀ alákòóso ẹkùn yìí. Olúkúlùkù wọn ṣí ojú-òpó Facebook láti fi wá ìbò. Wọ́n wọlé. Lẹ́yìn ìbò, wọn kò ti ojú-òpó náà. Wọ́n ń bá a lò, wọ́n sì kọ ipò tuntun wọn sí i. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ròyìn ìpàdé ìgbìmọ̀, tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ètò ìnáwó, tí wọ́n sì ti ń béèrè èrò àwọn ará àdúgbò. O’Connor-Ratcliff tún ní àyè lórí Twitter.

Tọkọtaya kan tí wọ́n ní ọmọ ní ilé-ìwé ẹkùn náà ní ẹ̀dùn-ọkàn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa bí a ti ń ṣe sí àwọn ẹ̀yà ènìyàn nínú ẹkùn, wọ́n sì ń fi ẹ̀sùn kan ọ̀gá àgbà ìgbà náà. Wọn kò lo èébú tàbí ìhalẹ̀. Ohun tí ó sú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ni àtúnsọ. Ní àkókò kan, ọkọ fi èsì tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà sí abẹ́ àtẹ̀jáde 42 tí O’Connor-Ratcliff gbé sórí Facebook. Ní ìgbà mìíràn, láàrin nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó fi èsì kan náà ránṣẹ́ ní ìgbà 226 sórí Twitter, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí obìnrin náà ti sọ níbẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ń pa èsì náà rẹ́. Nígbà tí ó yá, ní nǹkan bí oṣù Kẹwàá ọdún 2017, wọ́n dí tọkọtaya náà lọ́nà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tún lo irinṣẹ́ kan tí Facebook pèsè láti fi sẹ́ ọ̀rọ̀ rírùn: wọ́n kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí kò sí ẹni tí kì í lò wọ́n nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì sínú rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí èsì kankan tí ó lè kọjá mọ́. Ojú-òpó tí a ṣí láti fi bẹ ará ìlú fún ìbò wá di ibi tí ará ìlú kò ti lè fọhùn.

Tọkọtaya náà gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́. Wọ́n ní àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tẹ ẹ̀tọ́ àwọn lójú, ìyẹn ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ tí Àtúnṣe Kìn-ín-ní sí òfin-ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà fún olúkúlùkù. Ní ọdún 2021, ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní San Diego dá wọn láre. Ó gbà pé àtúnsọ náà lè dí ènìyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n pé dídí ẹni lọ́nà láìní òpin ju ohun tí ìṣòro náà béèrè lọ. Ní ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fara mọ́ ìdájọ́ yìí. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ sì gbé e lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ.

5. Ìdájọ́ Ọdún 2024

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ̀rọ̀ lórí ẹjọ́ Poway pọ̀ mọ́ òmíràn tí ó jọ ọ́, èyí tí ó wá láti ìlú Port Huron ní ìpínlẹ̀ Michigan. Onídàájọ́ Amy Coney Barrett ni ó kọ ìdájọ́ ti Port Huron, gbogbo àwọn onídàájọ́ sì fẹnu kò sí i. Ohun méjì ni ilé-ẹjọ́ ní kí a wò kí a tó lè sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba ń sọ̀rọ̀ lórúkọ ìjọba nígbà tí ó bá sọ̀rọ̀ lójú-òpó tirẹ̀. Àkọ́kọ́, ǹjẹ́ ó ní àṣẹ gidi láti sọ̀rọ̀ fún ìjọba lórí ọ̀rọ̀ náà, yálà láti inú òfin tàbí láti inú àṣà tí ó ti pẹ́? Èkejì, ǹjẹ́ àṣẹ náà ni ó hàn pé ó ń lò nínú ohun tí ó sọ? Bí méjèèjì kò bá pé, ẹnu ara rẹ̀ ni ó fi sọ̀rọ̀, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti ti ẹni tí kò wù ú síta gẹ́gẹ́ bí onílé ti lè ṣe ní ìloro rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ dá ẹjọ́ Poway padà kí a lè fi òṣùwọ̀n tuntun yìí wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ó wà nínú ìdájọ́ yìí fún ẹni tí ń ṣàkóso ojú-òpó. Ní àkọ́kọ́, ipò nìkan kò sọ ọ̀rọ̀ di ti ìjọba. Ọmọ ìgbìmọ̀ lè gbé àwòrán ọjọ́-ìbí ìyá rẹ̀ síta láìjẹ́ pé ẹkùn ni ó ń sọ̀rọ̀. Ní ìkejì, àmì ṣe pàtàkì. Bí ènìyàn bá kọ ọ́ sí ojú-òpó rẹ̀ gbangba pé ti ara òun ni, ilé-ẹjọ́ yóò kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣe rẹ̀ lè tako ohun tí ó kọ. Ẹni tí ó bá sì da ọ̀rọ̀ ilé pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lójú kan náà ti fa ìdààmú sí ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ní ìkẹta, dídí ẹni lọ́nà léwu ju pípa ọ̀rọ̀ rẹ́ lọ. Èsì tí a pa rẹ́ kan àtẹ̀jáde kan ṣoṣo, ẹyọ yẹn nìkan ni ilé-ẹjọ́ yóò yẹ̀ wò. Ẹni tí a dí lọ́nà ti pàdánù gbogbo ojú-òpó, bí ìdá kan nínú rẹ̀ bá sì jẹ́ ti ìjọba, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti di títẹ̀.

Òfin ìpínlẹ̀ náà tún fi kún èyí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti California pinnu nínú ẹjọ́ kan tí ó kan ìlú San Jose pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìjọba tí òṣìṣẹ́ fi ẹ̀rọ tàbí àyè tirẹ̀ sọ kò bọ́ lọ́wọ́ òfin tí ó fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti wo àkọsílẹ̀ ìjọba. Ní ọdún 2020 sì ni ìpínlẹ̀ náà ṣe àtúnṣe sí òfin ìpàdé gbangba, àtúnṣe tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2021. Ó gba ọmọ ìgbìmọ̀ láàyè láti bá ará ìlú sọ̀rọ̀ lójú-òpó, ṣùgbọ́n ó kọ̀ fún un láti fèsì tààrà sí ohun tí ọmọ ìgbìmọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé síta lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn. Àmì àtàǹpàkò lásán pàápàá wà lára ohun tí a kà sí èsì, nítorí pé bí àwọn tí ó pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ bá ti fi àmì gbà fún ara wọn, ìpàdé ti wáyé lẹ́yìn àwọn tí ó yan wọ́n.

6. Ìlànà fún Ìṣàkóso

Láti inú àwọn ìrírí wọ̀nyí, ó ṣe é ṣe láti fa ìlànà márùn-ún yọ.

(a) Kí ojú-òpó jẹ́ ti ipò, kí ó má ṣe jẹ́ ti ènìyàn. Kí orúkọ ẹkùn wà lórí rẹ̀, kí àdírẹ́sì tí a fi ṣí i jẹ́ ti ọ́fíìsì, kí ènìyàn tí ó tó méjì sì mọ ọ̀rọ̀-ìgbaniwọlé rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo bá ni kọ́kọ́rọ́, ọjọ́ tí ó bá fi ìbínú kúrò níṣẹ́, ohùn ẹkùn bá a lọ. Ó tún yẹ kí ẹkùn ní àkọsílẹ̀ gbogbo ojú-òpó tí àwọn ilé-ìwé rẹ̀ ń lò, títí dé ti ẹgbẹ́ eléré àti ti ẹgbẹ́ akọrin, nítorí pé èyí tí a gbàgbé ni olè ń gbà wọlé.

(b) Kí òfin èsì wà nílẹ̀ kí ìjà tó dé. Kò sí ohun tí ó sọ ọ́ di dandan fún ẹkùn láti gba èsì. Ó lè ti ẹnu gbogbo ènìyàn pa pọ̀ lábẹ́ àtẹ̀jáde rẹ̀. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó ṣí ẹnu àwọn tí ń yìn ín, kí ó sì di ti àwọn tí ń bá a wí. Bí ó bá fẹ́ dá àtúnsọ, ìhalẹ̀ tàbí ìpolówó ọjà dúró, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì fi ọwọ́ kan náà mú ọ̀rẹ́ àti alátakò. Kí ó máa tọ́jú ẹ̀dà ohun tí ó bá yọ kúrò pẹ̀lú ìdí tí ó fi yọ ọ́.

(d) Kí a dáàbò bo ọmọ. Òfin ìjọba àpapọ̀ kan tí a ṣe ní ọdún 1974, tí a mọ̀ sí FERPA, dáàbò bo àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹkùn lè ka orúkọ, kíláàsì àti àwòrán mọ́ ohun tí a lè fi hàn, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ti kéde bẹ́ẹ̀ fún òbí, kí ó sì fún wọn láàyè láti kọ̀. Ìdẹkùn tí ó wọ́pọ̀ jù lọ kò sí nínú àwòrán, inú èsì ni ó wà. Òbí kan lè wá sójú-òpó kí ó sọ pé a lé ọmọ òun láìṣẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó bá sọ ohun tí ọmọ náà ṣe, kí ó lè gbe ẹkùn níjà, ti tú àkọsílẹ̀ ọmọ síta. Òbí lè sọ ti ọmọ rẹ̀. Ẹkùn kò lè sọ ọ́. Ìdáhùn tí ó tọ́ ni kí a dárúkọ ọ́fíìsì tí òbí náà yóò lọ, kí a sì rí i dájú pé ẹnìkan wà níbẹ̀ tí yóò gbọ́ ọ. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ojú-òpó kò ní ojú.

(e) Kí ọ̀rọ̀ ìgbà ìpayà jẹ́ òtítọ́, kí ó sì yá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, àhesọ kan gba TikTok kan pé ìbọn yóò dún ní àwọn ilé-ìwé Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 17 oṣù náà. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ààbò abẹ́lé sọ pé kò sí ìsọfúnni kankan tí ó fi hàn pé ìhalẹ̀ náà fìdí múlẹ̀. Síbẹ̀ àwọn ẹkùn kan ti ilé-ìwé wọn ní ọjọ́ náà, àwọn mìíràn sì fi ọlọ́pàá kún ọlọ́pàá. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ohun mẹ́ta ni òbí ń fẹ́ gbọ́: ohun tí a mọ̀, ohun tí a ń ṣe, àti ìgbà tí a ó tún sọ̀rọ̀. Kò dára kí ẹkùn tún àwòrán ìhalẹ̀ náà gbé síta láti fi jẹ́rìí, nítorí pé ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi tan àhesọ ká. Ó tún yẹ kí àwọn òbí mọ ojú-òpó tòótọ́ láti inú ìwé àti ojú-ewé ẹkùn gan-an. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, Twitter bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àmì ìdánilójú tí ó ń fún àwọn iléeṣẹ́ àti gbajúmọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹni tí ó gbọ́kàn lé àmì náà nìkan sì pàdánù ohun tí ó fi ń dá ayédèrú mọ̀.

(ẹ) Kí ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ti Amẹ́ríkà gbé ìlànà jáde pé ohun tí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ṣe é lò fún àwọn tí ara wọn ní àbùkù. Ilé-ìwé ìjọba wà lára wọn, ojú-òpó sì kún un. Ìwé ìkéde tí a ya ní fọ́tò, tí kò sí àlàyé lábẹ́ rẹ̀, òfìfo ni lójú afọ́jú tí ẹ̀rọ ń kàwé fún. Fídíò tí a kò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sábẹ́, odi ni fún adití. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àwọn òbí tí kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tí ó jẹ́ pé ẹnu ọmọ wọn ni wọ́n ti ń gbọ́ ohun tí ẹkùn wí bí a kò bá túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

7. Ìtakora Kan

Ó yẹ kí a mẹ́nu ba ìtakora kan tí kò tíì kúrò nílẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, ẹkùn ilé-ẹ̀kọ́ Seattle ní ìpínlẹ̀ Washington pe àwọn tí ó ni TikTok, Instagram, Facebook, YouTube àti Snapchat lẹ́jọ́. Ó ní bí wọ́n ti ṣe àwọn ojú-òpó wọn ń ba ìlera ọpọlọ àwọn ọ̀dọ́ jẹ́, àti pé ilé-ìwé ni ó ń ru ẹrù náà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹkùn mìíràn tẹ̀ lé e. Àwọn ẹkùn kan náà sì ni ó ń pe òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ wá sójú-òpó lójoojúmọ́ láti gbọ́ ìkéde.

Ìdáhùn tí àwọn kan ń fún èyí ni pé ibi tí ọjà bá wà ni a ń na ìpàtẹ sí. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹkùn tí ó bá mọ̀ pé ojú-òpó ń pa ọmọ lára kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọmọ yóò fi mọ ọjọ́ ìdánwò tàbí àyè nínú ẹgbẹ́ eléré. Ohun gbogbo tí ó bá ṣe pàtàkì ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wà ní ojú-ewé tirẹ̀ àti nínú ìpè tẹlifóònù, kí ojú-òpó wulẹ̀ jẹ́ agogo tí ń tọ́ka sí ibẹ̀. Báyìí, òbí tí ó bá kọ̀ láti ra fóònù fún ọmọ kò ní pàdánù ohunkóhun.

8. Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìṣàkóso ojú-òpó ẹkùn ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwòrán tí ó dára tàbí iye ènìyàn tí ń tẹ̀ lé ni. Ọ̀rọ̀ àṣẹ ni. Ní Poway, ènìyàn méjì tí a dìbò yàn kò pààlà sáàárín ìloro ara wọn àti ojúde ìlú, wọ́n sì dí òbí méjì lọ́nà níbi tí ó jọ pé ìlú ni ó ni ín. Ó gba ọdún mẹ́fà àti ààbọ̀ kí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó sọ bí a ó ti mọ èyí tí ó jẹ́ ti ta ni. Ìlà kan ṣoṣo lókè ojú-òpó náà ní ọjọ́ tí wọ́n wọlé ìbò, tí ó sọ bóyá ti ara wọn ni tàbí ti ipò wọn, ì bá ti dín èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìyọnu náà kù.

Ní ti àwọn òbí, àtúnsọ ìgbà 226 lè sú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tún ọ̀rọ̀ kan sọ tó bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé kò tíì sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Ìlànà èsì, ọ̀rọ̀-ìgbaniwọlé àti àkọsílẹ̀ yóò ran ẹkùn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọn kò lè dípò ọ́fíìsì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ àti òṣìṣẹ́ tí ó jókòó síbẹ̀ láti gbọ́ ẹjọ́.